Iyanrìn tó ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ iyọ̀

Nílẹ̀ Yorùbá, iyọ̀ kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, iyọ̀ wà lára ohun tí wọ́n máa ń fi kan ìkókó lẹ́nu, wọ́n á sì ṣàdúrà pé kí ayé ọmọ náà dùn bí iyọ̀. Ọbẹ̀ tí ò níyọ̀, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Àmọ́ ẹ bu iyọ̀ yẹn kan náà, ẹ dà á sí ìdí ẹ̀fọ́ tó ń ṣe dáadáa lẹ́yìnkùlé. Kò ní pẹ́ tí ewé á fi rọ, etí rẹ̀ á gbẹ bí ẹni pé iná rà á, ẹ̀fọ́ ọ̀hún á sì kú.

Fún àgbẹ̀ tó ń gbé etí òkun, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ẹ̀yìnkùlé. Ẹ wo agbègbè Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ilé, ọ̀nà àti ilẹ̀ tó pọ̀ fún òkun. Tí wọ́n bá gbé fídíò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé tó wó ni gbogbo wa máa ń wò. Ohun tí kámẹ́rà kì í ká ni nǹkan tí omi òkun ń fi sílẹ̀ nígbà tó bá fà sẹ́yìn: iyọ̀ tó ti wọ inú ilẹ̀ lọ.

Kì í sì í ṣe etí òkun nìkan. Níbi tí òjò ò ti pọ̀, tó jẹ́ pé omi odò tàbí omi kànga ni wọ́n fi ń bomi rin oko, iyọ̀ díẹ̀ máa ń wà nínú omi yẹn, bó ti wù kó mọ́ tó. Oòrùn á fa omi lọ, iyọ̀ á jókòó. Ọdún kan, ọdún márùn-ún, ogún ọdún, ilẹ̀ á di oníyọ̀, bí ìkòkò tí wọ́n ń se omi iyọ̀ gbẹ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sọ ní 2024 pé ilẹ̀ tí iyọ̀ ti dé bá láyé tó mílíọ̀nù 1,381 hẹ́kítà. Ẹ kó ilẹ̀ Nàìjíríà bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ, ẹ ó rí bó ṣe pọ̀ tó.

Kí ló wá lè ran ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ọ̀kan lára ìdáhùn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí lè yà yín lẹ́nu, torí pé orí ẹ̀ la ń rìn lójoojúmọ́. Sílíkọ̀n ni, èròjà tó wà nínú iyanrìn. Ìrẹsì la máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé òun wà lára àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Òùngbẹ láàárín omi

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe gan-an.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí iyọ̀ bá kan ìgbín: omi á máa ya lára rẹ̀. Tí ẹ ò bá fẹ́ fìyà jẹ ìgbín, ẹ gé kùkúḿbà sí wẹ́wẹ́, ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tẹ́ ẹ bá padà dé, omi á ti dúró sínú abọ́. Ẹ ò da omi kankan sí i o. Inú kùkúḿbà ló ti jáde. Omi máa ń lọ síbi tí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù.

Bí gbòǹgbò ṣe ń mu omi náà nìyẹn. Nínú ilẹ̀ tó dáa, ohun tó yòrò sínú omi ara gbòǹgbò pọ̀ ju ti inú ilẹ̀ lọ, nítorí náà omi á máa wọlé fúnra rẹ̀. Tí iyọ̀ bá wá pọ̀ sí i nínú ilẹ̀, omi ò ní fẹ́ wọlé mọ́. Ìrẹsì á dúró sínú omi, òùngbẹ á sì máa gbẹ ẹ́.

Wàhálà kìíní nìyẹn. Ìkejì ló burú jù. Iyọ̀ tí à ń jẹ, èròjà méjì ló so pọ̀ nínú rẹ̀: sódíọ̀mù àti kílóríìnì. Nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko, èròjà mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní pòtásíọ̀mù, tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí kò bá sí i, ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù ò ní ṣiṣẹ́, ewé ò sì ní lè ṣí ihò tó fi ń mí bó ṣe yẹ. Sódíọ̀mù jọ pòtásíọ̀mù gan-an. Ó máa ń gba àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Àfi bí ẹni tó wọ aṣọ dókítà wọ wọ́ọ̀dù, tí kò mọ abẹ́rẹ́ gún.

Sódíọ̀mù yìí ń bá omi gòkè lọ sínú ewé. Tó bá débẹ̀, oòrùn á fa omi jáde, sódíọ̀mù á dúró. Bó ṣe ṣe lónìí, bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe lọ́la. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ewé tó ti pẹ́ lára ìrẹsì ló ń kọ́kọ́ kú.

Ẹ lè rò pé iyọ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an kó tó lè ṣe báyẹn. Rárá o. Lítà kan omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ máa ń wo bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú omi ilẹ̀ kọjá láti fi díwọ̀n iyọ̀ rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n yẹn, omi òkun wà ní nǹkan bíi 50. Ìrẹsì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí pàdánù irè láti 3, ìyẹn bíi gíráàmù 2 iyọ̀ nínú lítà kan. Láti ibẹ̀ lọ, bí òṣùwọ̀n bá ṣe ń fi 1 lé sí i ni irè á máa dín ní nǹkan bí ìdá 12 nínú 100. Tó bá dé 6, àgbẹ̀ tó ń kó àpò 10 tẹ́lẹ̀ á máa kó bíi 6 àti ààbọ̀. Ọkà báálì ní tiẹ̀ lè fara dà á dé 8 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí dín.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí le ni pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó sún mọ́ òkun wà lára ibi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì jù láyé, bíi ẹnu odò Mekong ní Vietnam àti ẹnu odò Nile ní Íjíbítì. Ní 2016, ọ̀dá mú kí omi odò Mekong fà, omi iyọ̀ sì gba ojú odò wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà. Oko ìrẹsì tó bà jẹ́ lọ́dún yẹn ò kéré.

Iyanrìn nínú ewé

Ẹni tó bá ti gba inú igbó ẹkan kọjá rí mọ̀ pé ewé rẹ̀ lè gé èèyàn lára. Ewé ìrèké náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ti ìrẹsì pàápàá ò gbẹ́yìn. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ayé àtijọ́ sì mọ ewé ìpín dáadáa. Òun ni wọ́n fi ń ha igi kó lè dán, kó tó di pé sáńpépà dé.

Ohun tó mú kí ewé wọ̀nyí le tó bẹ́ẹ̀ ni sílíkà, ìyẹn sílíkọ̀n tó so mọ́ ọ́síjìn. Òun náà ló pọ̀ nínú iyanrìn. Òun náà ni wọ́n ń yọ́ ṣe gíláàsì, sílíkọ̀n tí wọ́n sì yọ látinú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ fóònù tẹ́ ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Nínú gbogbo èròjà tó para pọ̀ di èèpo ilẹ̀ ayé, ọ́síjìn nìkan ló pọ̀ jù ú lọ. Tí wọ́n bá wọn èèpo ilẹ̀ ayé, nǹkan bí ìdá 28 nínú 100 jẹ́ sílíkọ̀n.

Ìrẹsì fẹ́ràn nǹkan yìí ju ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn lọ. Tí ẹ bá sá ewé àti igi ìrẹsì títí tó fi gbẹ, tẹ́ ẹ wá wọn kílò 10 nínú rẹ̀, kílò kan odindi lè jẹ́ sílíkà.

Ṣùgbọ́n báwo ni ewéko ṣe ń jẹ iyanrìn? Kì í jẹ ẹ́ lódidi. Omi inú ilẹ̀ ló máa ń yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ gan-an. Ohun tó bá yòrò ni wọ́n ń pè ní ásíìdì sílísíkì. Gbòǹgbò á mu ún pọ̀ mọ́ omi, á sì gòkè lọ sínú ewé. Lókè yẹn, bí oòrùn ṣe ń fa omi jáde, ásíìdì náà á máa ki sí i, títí tó fi máa dì. Ẹ rántí ògì: nígbà tó wà nínú ìkòkò, ẹ lè dà á, àmọ́ tó bá ti tutù nínú ewé, ó ti di ẹ̀kọ nìyẹn. Ìyàtọ̀ kan ló wà níbẹ̀: ẹ̀kọ ṣì lè padà di mímu tí ẹ bá fi omi gbígbóná pò ó, ṣùgbọ́n sílíkà tó bá ti dì lára ewéko, ibẹ̀ ló máa wà. Ó ti di gíláàsì kékeré.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ ò ka sílíkọ̀n kún nínú oúnjẹ ewéko, torí pé ọ̀pọ̀ ewéko lè dàgbà láìsí i. Ní 1994, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Emanuel Epstein kọ̀wé pé kò yẹ kí wọ́n máa fojú fo nǹkan tó pọ̀ tó báyìí nínú ilẹ̀ àti nínú ewéko. Àwọn ará Japan ò tiẹ̀ dúró de àríyànjiyàn yẹn. Láti 1955 ni ìjọba wọn ti gbà kí wọ́n máa ta ajílẹ̀ oní-sílíkọ̀n fún àgbẹ̀ ìrẹsì.

Ilẹ̀kùn méjì

Báwo wá ni ìrẹsì ṣe ń kó sílíkọ̀n tó báyìí jọ, nígbà tí tòmátì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kó nǹkan kan? Jian Feng Ma àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ló dá ọgbọ́n tí wọ́n fi rí ìdáhùn.

Èròjà kan wà tó ń jẹ́ jámáníọ̀mù. Ó jọ sílíkọ̀n débi pé gbòǹgbò ìrẹsì ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, àmọ́ májèlé ni. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìrẹsì tí jíìnì wọn ti yí padà jọ, wọ́n sì fi jámáníọ̀mù sí omi wọn. Gbogbo èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí ló gbé májèlé mu. Èyí tí májèlé ò rí gbé ṣe ni wọ́n ń wá, torí tí ò bá gbé jámáníọ̀mù mu, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn tí sílíkọ̀n ń gbà wọlé lára rẹ̀ ti bà jẹ́. Ọ̀tá ni wọ́n fi mọ ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ ń gbà.

Ní 2002, wọ́n kéde irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti wá jíìnì tó ń ṣe ilẹ̀kùn náà kàn, wọ́n sì gbé e jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature ní 2006. Lsi1 ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó di 2007, wọ́n tún rí ìkejì, Lsi2.

Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ò le yé èèyàn. Ẹ fojú inú wo sẹ́ẹ̀lì kan nínú gbòǹgbò bíi yàrá tó ní ilẹ̀kùn iwájú àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Lsi1 wà níwájú, níhà ilẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ásíìdì sílísíkì wọlé. Lsi2 wà lẹ́yìn, níhà àárín gbòǹgbò. Òun ló ń tì í jáde síbi tí omi á ti gbé e lọ sókè. Tí ọ̀kan bá bà jẹ́, ẹ̀kejì ò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tí wọ́n gbin ìrẹsì tí Lsi1 rẹ̀ ti bà jẹ́ sí oko gidi, irè rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé tí iyọ̀ ń gbà

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú iyọ̀ àti sílíkọ̀n pàdé.

Ká ní gbòǹgbò ìrẹsì jẹ́ ọgbà ńlá tó ní fẹ́ǹsì. Ohun tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gba inú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ wà, tí wọ́n á yẹ ẹ́ wò. Kí ohunkóhun má bàa gba àárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì, ewéko máa ń fi nǹkan tó dà bí ìda dí àlàfo náà. Wọ́n ń pè é ní ìgbànú Caspary, ní orúkọ Robert Caspary, ará Jámánì kan tó jẹ́ onímọ̀ ewéko. Gbòǹgbò ìrẹsì ní ìpele méjì tó ní irú ìgbànú yìí, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú.

Àmọ́ kò sí fẹ́ǹsì tí ò ní ibi tó ti lanu. Níbi tí ẹ̀ka gbòǹgbò tuntun ti ń yọ, ó máa ń ya ara gbòǹgbò àgbà kó tó jáde. Ní orí gbòǹgbò, níbi tó ti ń dàgbà, ìgbànú ò tíì dí tán. Omi tó ń yọ́ gba àwọn ibẹ̀ yẹn wọlé kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kankan ò yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo sódíọ̀mù tó bá wà nínú rẹ̀ ló ń bá a gòkè. Nínú ìrẹsì, ẹ̀yìnkùlé yìí gan-an ni púpọ̀ nínú sódíọ̀mù ń gbà dé inú ewé.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Sussex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lára wọn ni Yeo àti Flowers, lo aró kan tó máa ń tàn tí wọ́n bá tan iná pàtàkì kan sí i. Aró yìí ò lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì rárá. Nítorí náà, tí wọ́n bá dà á sí ìdí ìrẹsì, tí wọ́n sì wá bá a nínú ewé, kò sí ibòmíràn tó lè gbà ju ẹ̀yìnkùlé yẹn lọ. Ẹlẹ́rìí tí kò lè purọ́ ni.

Ní 1999, wọ́n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n fi sílíkọ̀n sínú omi iyọ̀ tí ìrẹsì ń mu. Sódíọ̀mù tó dé inú ewé dín kù. Aró náà dín kù. Ìrẹsì sì dàgbà ju èyí tí wọn ò fún ní sílíkọ̀n lọ. Ìyẹn ni pé ẹnìkan ti ń dí ihò ẹ̀yìnkùlé. Ní 2006, ìwádìí mìíràn tí Flowers náà wà nínú rẹ̀ fi hàn pé sílíkọ̀n ń dì sínú gbòǹgbò, ní àwọn ìpele méjì tí ìgbànú wà yẹn gan-an.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí. Sílíkọ̀n ò bá iyọ̀ jà. Kò yọ ọ́ kúrò nínú ilẹ̀, kò sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ilé ló ń tún ṣe. Ó ń ṣe bíi bíríkìlà tó wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ibi tí ògiri ti sán, tí ewéko fúnra rẹ̀ á sì wá lè yan ohun tó máa wọlé.

Kò tán síbẹ̀. Àwọn ìwádìí mìíràn rí i pé ìrẹsì tó ní sílíkọ̀n máa ń tètè fi nǹkan bí ìda yẹn dí ara gbòǹgbò rẹ̀. Sílíkà tó dì sábẹ́ awọ ewé tún máa ń mú kí ewé nàró dáadáa kí oòrùn lè bà á, kì í sì í jẹ́ kí omi ara rẹ̀ ṣòfò jù. Ìyọnu iyọ̀ máa ń mú kí oríṣi ọ́síjìn kan tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ pọ̀ nínú ewéko. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, èyí tó ní sílíkọ̀n máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju èyí tí ò ní lọ.

Àríyànjiyàn ṣì wà o. Àwọn kan gbà pé sílíkọ̀n ń bá jíìnì ewéko sọ̀rọ̀, pé ó ń jí wọn sí iṣẹ́. Ní 2019, Coskun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé kò nílò ká lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀: ìdí pàtàkì tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń dí ọ̀nà láàárín sẹ́ẹ̀lì sí sẹ́ẹ̀lì, gbogbo ìyókù sì ń tẹ̀ lé e. Ohun kan tó ti ìyẹn lẹ́yìn ni pé tí ara ewéko bá le, tí ìyọnu kankan ò sí, sílíkọ̀n kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí nǹkan kan padà nínú bí jíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó dà bí ọdẹ àdúgbò. Lálẹ́ tí olè ò wá, ẹ lè rò pé owó oṣù rẹ̀ ń ṣòfò.

Kì í ṣe gbogbo oko ló máa jẹ ẹ́

Ìrẹsì, ìrèké, àgbàdo àti àlìkámà máa ń gba sílíkọ̀n dáadáa, ìwádìí sì ti fi hàn pé ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú iyọ̀. Kùkúḿbà náà ń gbà á díẹ̀. Ti tòmátì yàtọ̀. Àwọn olùṣèwádìí rí i ní 2020 pé ilẹ̀kùn iwájú tòmátì, Lsi1, ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Lsi2 tirẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Sílíkọ̀n á wọ yàrá, kò ní rí ibi jáde sí àárín. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta oògùn oní-sílíkọ̀n fún yín, tó ní gbogbo ohun ọ̀gbìn ló ń wò sàn, ẹ bi í léèrè ilẹ̀kùn kejì.

Eérú tí à ń dà nù

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti máa rò ó pé: ṣebí iyanrìn pọ̀ nílẹ̀ wa, kí ló tún kù?

Iyanrìn pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ oríṣi sílíkà tó le koko, tí omi ò tètè lè yọ́. Ilẹ̀ apá ibi tiwa náà sì ti darúgbó. Òjò ti ń fọ̀ ọ́ láti àìmọye ọdún, ó sì ti gbé púpọ̀ nínú sílíkọ̀n tó rọrùn láti yọ́ lọ. Lórí ìyẹn, ìrẹsì fúnra rẹ̀ ń kó o kúrò. Oko tó bá so tọ́ọ̀nù 5 ìrẹsì lórí hẹ́kítà kan lè gbé sílíkọ̀n tó tó kílò 230 sí 470 kúrò nínú ilẹ̀. Tí wọn ò bá dá koríko àti èèpo rẹ̀ padà, kíkó ni wọ́n ń kó, wọn ò san padà.

Ẹ wá dé ibikíbi tí wọ́n ti ń bó ìrẹsì, yálà ti Ọ̀fadà ni o, tàbí ti Ìgbẹ́mọ ní Èkìtì. Èèpo máa ń pọ̀ ju ohun tí ilé iṣẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe lọ. Nínú tọ́ọ̀nù kan ìrẹsì tí wọn ò tíì bó, nǹkan bíi kílò 200 ló jẹ́ èèpo. Tí wọ́n bá jó èèpo yẹn, bíi kílò 40 eérú ló máa kù, ìdá 85 sí 95 nínú 100 eérú náà sì jẹ́ sílíkà. Sílíkọ̀n tí ìrẹsì fi oṣù mẹ́rin fà jáde nínú ilẹ̀ ni wọ́n ń finá sun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn.

Bí wọ́n ṣe jó o ṣe pàtàkì. Tí iná ò bá le jù, tí ooru rẹ̀ ò ju nǹkan bíi 700 lórí òṣùwọ̀n Celsius, sílíkà inú eérú á ṣì wà ní ìrísí tí omi lè yọ́. Tí iná bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, sílíkà á yí padà di líle, ilẹ̀ ò ní tètè rí i lò. Eruku irú èyí tó ti le yẹn tún léwu fún ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó bá ń fà á símú. Ọ̀nà tó dẹrùn jù ni ká má tiẹ̀ jó o. Ẹ lè kó èèpo àti koríko ìrẹsì jọ kó jẹrà, kẹ́ ẹ wá dà á padà sóko. Á pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní èéfín.

Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ìrẹsì, kò burú tó bá tọ̀ wá dé oko.

Ohun tí sílíkọ̀n ò lè ṣe

Kò lè sọ ìrẹsì di ohun tó ń mu omi òkun. Iyọ̀ tó wà nílẹ̀, ibẹ̀ ló ṣì wà. Tí ẹ̀yìnkùlé bá tiẹ̀ dí, òùngbẹ tá a kọ́kọ́ sọ yẹn ò lọ pátápátá, torí pé omi ṣì ń lọ síbi tí iyọ̀ pọ̀ sí. Sílíkọ̀n ń dín ìpalára kù, kò yọ ọ́ kúrò.

Ohun tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀ ni omi tó mọ́ àti ojú ọ̀gbàrá tí omi yẹn máa gbà jáde. Àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti mọ ìyẹn tipẹ́. Ní Guinea-Bissau, àwọn Balanta máa ń mọ odi ìlẹ̀pa sáàárín oko wọn àti omi òkun, nínú irà etí òkun. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní sáré gbìn. Wọ́n á jẹ́ kí òjò fọ iyọ̀ ilẹ̀ ná, wọ́n á sì ṣí ojú omi kó gbé e jáde, kí wọ́n tó lọ́ ìrẹsì sí i. Oríṣi ìrẹsì tó ń fara da iyọ̀ náà wà. Pokkali, tí wọ́n ń gbìn ní etí òkun Kerala ní Íńdíà, wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù.

Ẹni tó bá fẹ́ gbin ìrẹsì sí ilẹ̀ oníyọ̀ máa nílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: omi tó máa fọ ilẹ̀, irúgbìn tó lágbára, àti sílíkọ̀n tó máa dí ẹ̀yìnkùlé. Ẹyọ kan ò lè ṣe iṣẹ́ méjì tó kù.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ẹ̀kọ́, tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́ ìwádìí tí kò ní gba owó púpọ̀, ẹ wo eléyìí. Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó dọ́gba, ẹ rọ ilẹ̀ kan náà sí gbogbo wọn. Ẹ po ẹ̀kúnwọ́ kan eérú èèpo ìrẹsì mọ́ ilẹ̀ inú méjì, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má fi kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé eérú tó pọ̀ jù lè ba ilẹ̀ jẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ wá gbin ìrẹsì tí wọn ò tíì bó sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà tó bá ti ní ewé mẹ́rin, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fi omi iyọ̀ rin ọ̀kan tó ní eérú àti ọ̀kan tí ò ní. Ṣíbí ìmutíì kan iyọ̀ sí lítà 2 omi ti tó. Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi rin méjì yòókù. Lójoojúmọ́, ẹ ka iye ewé tó ti gbẹ, ẹ wọn gíga rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Ìdí tá a fi nílò mẹ́rin ni pé tí ẹ bá fi méjì nìkan ṣe é, tí èyí tó ní eérú sì ṣe dáadáa, ẹ ò ní mọ̀ bóyá iyọ̀ ni eérú bá a ràn án lọ́wọ́ lé, tàbí ajílẹ̀ lásán ni eérú ọ̀hún jẹ́ fún un. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní eérú tí ò níyọ̀ ló máa dáhùn ìyẹn. Tí ìrẹsì tiyín bá sì kú ní gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì oníyọ̀, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹ dín iyọ̀ kù díẹ̀, kẹ́ ẹ tún gbìn.